Ẹ Jẹ́ Kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì Sùn

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí àbúrò ìyá mi ti dé láti orílẹ̀-èdè Chad, oorun ni wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sùn. Nínú ilé wa ní Ìsọlọ̀, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra, tí gbogbo ilé máa ń mọ̀ bí ikọ́ bá ń ṣe ọ́, oorun ọ̀sán ti di ẹjọ́. Àwọn kan ní kí ló lè rẹ ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti lé wọn níbi iṣẹ́ ni, wọn ò kàn fẹ́ sọ. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé yàrá iwájú, tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àánú, ṣé ó tún máa ń rẹ̀ ẹ́ ni?"

Èsì ìbéèrè yẹn ni àròkọ yìí. N kò lè fún Bàbá lésì lójúkojú, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: bẹ́ẹ̀ ni sà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ó sì lè rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó ń ta ọjà lọ. Ẹni tó bá ní kò gbọdọ̀ sinmi kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ràn àwọn tó lọ tọ́jú pẹ̀lú.

Kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, agbẹ̀bí sì ni wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan láàárín àwọn ọmọ ogun ìjọba àti ẹgbẹ́ ológun kan tí wọ́n ń pè ní RSF. Àwọn ará Darfur bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ̀pọ̀ wọn fẹsẹ̀ rìn, wọ́n gba ẹnubodè kọjá sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Adré ní ìlà-oòrùn Chad. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn nípakúpa ní El Geneina tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí ìbọn bà ló ya wọ ilé ìwòsàn Adré láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, àwọn tó ti sá láti Sudan wọ Chad ti ju 600,000 lọ. Àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹn ni àǹtí mi lọ. Àjọ aṣèrànwọ́ kan tí n kò ní dárúkọ ló gbà wọ́n síṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n jọ ṣàdéhùn. Oṣù mẹ́fà di ọdún kan, ọdún kan di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ti di ẹrù wọn ni wọ́n máa ń gbọ́ pé ẹni tó máa rọ́pò wọn kò tíì dé. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú àdéhùn náà. Orí ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ parí sí.

Wọ́n dé ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó fọ ẹnu, ìyá kan láti ilé kejì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n wò ó. Ní ọjọ́rú, ènìyàn mẹ́rin ló wá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan gbé bẹ́ǹṣì wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí àwọn tó ń dúró lè rí ibi jókòó, bí ẹni pé a ti ṣí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí wọ́n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sọ iṣẹ́ ìyanu tí Ọlọ́run ṣe ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan láti Ìjẹ̀bú fi fóònù pè nípa páànù orí ilé tó ń jò; gbogbo ayé gbà pé dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tó bá ti kọjá ẹnubodè. Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé ẹbí. Èmi ni mo gbé omi fún wọn, nítorí náà mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ọjọ́ tí Àǹtí máa padà. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ padà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí mò ń dá àwọn àgbà lẹ́jọ́. Èmi náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọlé lọ jí wọn nítorí ẹni tó wá. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ti ilé-ìwé. Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí a fẹ́ fìwà jọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti olórin. Èmi sọ̀rọ̀ nípa àǹtí mi, kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n wá dé láìròtẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọni rẹ ti sá wálé o." Ojú tì mí. Mo gbé ìtìjú yẹn dé ilé bí ẹni gbé garawa omi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, mo sì bi wọ́n, láì kí wọn dáadáa pàápàá, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ máa padà gan-an?"

Wọn ò dáhùn. Wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, ooru ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "O mọ ohun tó lé mi wálé? Ọmọ kan kú lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo kọ aago sílẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé ìrẹsì ọ̀sán máa ti tutù." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Ìyá rẹ̀ wà níwájú mi, mò ń ro ìrẹsì. Mi ò kì í ṣe ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá mi pé bí ẹni tó máa rọ́pò mi kò bá dé, èmi á lọ."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé kì í ṣe tuntun. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn. Ó sá kúrò ní Jámánì nígbà tó wà lọ́mọdé nítorí ìjọba Hitler, ó sì dàgbà sí New York. Nígbà tó ṣe, ó ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn tálákà. Ó rí i pé àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù, ni ọkàn wọn ń kú díẹ̀díẹ̀; ó rí i lára òun fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1974 ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi í wé ohun tí iná jó tán. Ẹ kíyè sí i: ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, láàárín àwọn aláàánú. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ṣàlàyé rẹ̀ kedere. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára ẹni tí a kò sì bójú tó ló ń fà á. Agbára á tán lára onítọ̀hún. Ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kó máa fojú burúkú wò ó. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó tutù yẹn ni ìkejì nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í sì í ṣe ìwà ìkà. Iṣẹ́ ló ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín. Tí ẹ bá wọ dáńfó láti Òṣòdì, tí awakọ̀ ní òun ò tíì sùn láti àná, ṣé ẹ ó yìn ín pé akíkanjú ni? Ẹ ó ní kó dúró kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Cele, tí èéfín ń jáde, awakọ̀ tó bá gbọ́n á dúró, á ṣí i, á jẹ́ kó tutù kó tó rọ omi sí i. Àwọn èrò á máa kùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ lọ sí abẹ́ afárá Òṣòdì, kí ẹ wo àwọn alábàárù. Ẹni tó gbé àpò ẹ̀wà sórí á dé ibì kan, á ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, á tún òṣùká rẹ̀ ṣe, á nu òógùn, kó tó tún gbé e. N kò tíì rí oníbàárà tó bú u pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ẹ̀mí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń ka egbòogi sínú abẹ́rẹ́ ní agogo méjì òru, tí àṣìṣe kékeré lè pa ọmọ tí kò ju apá lọ, òun la ní kó má sọ ẹrù kalẹ̀. Kí ló dé?

Ìdí kan ni ohun tí wọ́n ti kọ́ wa nípa iṣẹ́ láti kékeré. Gbogbo wa la ti tò sórí ìlà ka ewì J. F. Ọdúnjọ nípa iṣẹ́, mo sì fẹ́ràn ewì náà títí di òní. Òtòṣì àti ọ̀lẹ ni ewì yẹn ń bá wí. Kò bá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rìndínlógún wí. Àwọn baba ńlá wa tó mọ iyì iṣẹ́ oko, tí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wọn bá pé, wọn kì í gbé ọkọ́. Wọ́n tún máa ń fi ilẹ̀ tó ti ṣá sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó di igbó padà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń ro láì jẹ́ kó sinmi kò ní fún ni níṣu mọ́. Ilẹ̀ nìyẹn o. Ènìyàn ńkọ́?

Ní ti àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí òkè Kámẹ́lì ni. Ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì dé, kò wàásù fún un. Kò ní kó wá jẹ́rìí. Ó fún un ní àkàrà àti omi, wòlíì náà jẹun, ó mu omi, ó tún sùn. Ẹ̀ẹ̀kejì ni áńgẹ́lì tó sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò fún un, oúnjẹ náà ló sì tún kọ́kọ́ ní kó jẹ.

Ìyá àgbà wa ló sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù, nítorí pé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn báyìí?" Màmá àgbà kì í ṣe ẹni tó ń wá dọ́là. Wọ́n ń ronú nípa àwọn ọmọ náà ní tòótọ́. Ogúnléndé kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn láti Darfur kò lè sọ pé ó ti rẹ òun, kí òun lọ sinmi ní Ìsọlọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò sì rí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ó burú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Àìsùn àǹtí mi kò fi oorun kún ti ìyá yẹn. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń gbóná, nọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ dá ló nílò, kì í ṣe èyí tó ń ro ìrẹsì. Ìbéèrè Màmá àgbà tọ́, ẹni tí wọ́n bi ni kò tọ́. Ẹni tó yẹ kó dáhùn pé ta ló wà níbẹ̀ báyìí ni àjọ tó gba ènìyàn kan síṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta, àti àwọn ìjọba tó ní owó ọta ìbọn tí wọn kò ní owó nọ́ọ̀sì kejì. Wọ́n ti sọ ẹ̀rí ọkàn àǹtí mi di owó oṣù ẹni tí wọn kò gbà. Wọ́n mọ̀ pé kò ní lè lọ nítorí àwọn ọmọ náà. Orí ìyẹn gan-an ni wọ́n gbé ètò wọn lé.

Kò sì jẹ́ pé àwọn àjọ ńlá kò mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ sinmi. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ètò fún un. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rán láti òkèèrè lọ sí ibi tó le gan-an máa ń gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bí ibẹ̀ bá ṣe le tó. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ní ìlú náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ètò yẹn. Ọmọ Maiduguri tó ń pín oúnjẹ ní Borno, tí ìbọn tó ń bú létí àlejò ń bú létí tirẹ̀ náà, tó tún lè jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń gba oúnjẹ, ilé rẹ̀ ni wọ́n kà sí ibi ìsinmi rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n jí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin mẹ́ta gbé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno kan náà. Wọ́n pa Saifura Khorsa ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n pa Hauwa Liman ní oṣù kẹwàá. Agbẹ̀bí ni àwọn méjèèjì, bí àǹtí mi. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n.

Àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ló yẹ kó mọ ohun tí iṣẹ́ ìrànwọ́ ń fi sílẹ̀ lára ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Àwọn ènìyàn ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn sá wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì já sínú kánààlì Òkè-Àfá nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú kánààlì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ibi ìrántí wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní òpópónà wa tó wà lára àwọn tó wọ inú omi náà láti gbé òkú jáde. Ó gbé wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní ní ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Títí di òní, bí ó bá ń lọ sí Èjìgbò, kì í gba orí afárá Òkè-Àfá kọjá, á yí ká gba ibòmíràn. Ó ń mutí. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu àǹtí mi ni mo ti gbọ́ ìdí tó fi ń mutí; àwọn nìkan ló máa ń dúró kí i dáadáa.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. A fẹ́ràn akọni tó bá ti kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí Patrick Sawyer tó gbé àrùn Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ Liberia ń fúngun mọ́ wọn. Àrùn náà ran Dókítà fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ yẹn kan náà ni gbogbo ayé fi ń ṣàyẹ́sí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn ní ọdún 2003 ni bọ́ǹbù pa ènìyàn 22 ní ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Baghdad. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Bí kì í bá ṣe Dókítà Adadevoh ni, bóyá n kò ní sí láyé láti kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìran tó mọ bí a ṣe ń ṣe ère fún òkú tí kò sì mọ bí a ṣe ń tẹ́ ẹní fún ààyè, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é. Ní ìparí ọdún 2014 kan náà, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa yọ̀ǹda ara wọn lọ sí Liberia àti Sierra Leone láti bá wọn gbógun ti Ebola. Wọ́n padà wálé. Ta ló mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn? Ta ló bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn?

Yorùbá ní bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Àwọn ènìyàn máa ń lo òwe yìí fún ìmọtara-ẹni-nìkan, inú mi kì í dùn sí i. Ẹ wo iná náà fúnra rẹ̀. Ìyá tí aṣọ rẹ̀ ń jó, tó na ọwọ́ gbé ọmọ, iná ló gbé lé ọmọ náà lórí. Àgbà tó pa òwe yìí kò ní kó má gbọn ti ọmọ. Ó ní ọ̀kan ló ń ṣáájú.

Àǹtí nílò kí wọ́n bá ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn ènìyàn sọ̀rọ̀, àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ irú rẹ̀ ní Èkó, "Yaba Left" ni wọn á fi dá ọ lóhùn, ẹ̀rín á sì gba ilé. Ilé ìwòsàn Yábà yẹn ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì níbí fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó máa ń sáré kọjá níwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ lè pa ẹ̀rín yẹn. Ẹ kọ́ wa pé ọkàn ń rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò gba owó. Bí ẹni yín bá ti ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé, ẹ má bi í ní ọjọ́ tó máa padà fún oṣù kan gbáko. Ẹ má gbé bẹ́ǹṣì síwájú yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páànù jò díẹ̀ sí i. Bó bá ní òun ò padà mọ́, kó wá máa ta aṣọ ní Aswani ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ bá a ra aṣọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyá kan láti òpópónà kejì gbé ọmọkùnrin rẹ̀ dé, ara ọmọ náà gbóná. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń sùn. Ó ní, "Lọ jí wọn." Mo nu ọwọ́ mi, mo wọ sílípáàsì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jẹ́nẹ́rà, mà, Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ ò jìnnà. Màá bá yín lọ. Ẹ gbé e pọ̀n mí." Ó pòṣé, ó wo ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, a sì wọ kẹ̀kẹ́.

Agogo méje ti lù kí n tó padà dé. Ibà ni, wọ́n ti fún un lóògùn. Ilẹ̀kùn Àǹtí ṣì wà ní títì. Bàbá iwájú jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rédíò wọn, ìròyìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e mọ́ etí.